Ẹni Tó Bá Ṣubú, Kó Sọ

Ọjọ́ kìíní tí mo débi iṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, mo kúnlẹ̀ kí ọ̀gá mi, ó sì rò pé mo ṣubú. Ó sáré na ọwọ́ méjèèjì láti gbé mi dìde, ó ń bi mí bóyá ẹsẹ̀ ń dùn mí. Mo ní rárá, pé mo ń kí i ni. Ó wò mí díẹ̀, ó ní, "Má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ níbí yìí. Ẹni tí wọ́n bá rí nílẹ̀, ìwé ni wọ́n ń kọ lórí rẹ̀, mi ò sì fẹ́ ìwé." Ọ̀gbẹ́ni Hárísì ni orúkọ ọkùnrin náà. Òun ni olórí gbogbo àwa tí a ń gbálẹ̀, tí a ń nu ilẹ̀, tí a ń tún nǹkan ṣe ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní apá ìlà-oòrùn ìlú náà. Mi ò mọ ìwé tó ń sọ. Láti ọjọ́ náà ṣáá, orí ìdúró ni mo ti ń kí àgbà, orúnkún mi a sì máa fẹ́ tẹ̀ fúnra rẹ̀.

Tíṣà ni mí kí n tó kúrò nílé. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ni mo ń kọ́ ní Ọ̀wọ̀. Ọ̀dọ̀ Bàbá mi ní Ìpele ni mo ń gbé. Mo ń wọ mọ́tò lọ láàárọ̀, mo ń wọ̀ ọ́ bọ̀ lọ́sàn-án. Nígbà tí SAP dé, ètò ìjọba tó mú kí náírà wó lulẹ̀, owó oṣù tíṣà kì í tètè jáde. Tó bá sì jáde, ọjà á ti sá lọ níwájú rẹ̀. Ìyá wa ti kú tipẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Dúpẹ́, tí òun náà jẹ́ tíṣà, ti lọ sílé ọkọ ní Ìdógùn. Nígbà tí ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù ṣí fún mi, mo sọ fún Bàbá pé ọdún méjì péré ni, pé màá kàwé, màá sì padà.

Ó ní, "Ọdún méjì ò pẹ́, ìyá mi. Ká gbin iṣu lẹ́ẹ̀mejì, ká wà á lẹ́ẹ̀mejì, o ti dé." Bẹ́ẹ̀ ló máa ń pè mí, ìyá mi, nítorí ó ní mo jọ ìyá tó bí òun.

Gbogbo ẹni tó lọ síbẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ òtútù. Ní tèmi, òtútù kọ́ ló kọ́kọ́ dùn mí. Nílé, tí mo bá wọ kíláàsì, gbogbo ọmọ á dìde, wọ́n á kí mi ní ohùn kan. Ní Lọ́ńdọ̀nù, èmi ni mo ń wọ kíláàsì kí àwọn ọmọ tó dé, mo sì ní láti jáde kí wọ́n tó rí mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo nu pátákó tán, mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo kọ ọjọ́ àti oṣù sí igun rẹ̀ lókè bí mo ṣe máa ń ṣe ní Ọ̀wọ̀. Mo dúró, mo ń wò ó. Ọwọ́ mi ò tíì gbàgbé. Ìgbà tí mo gbọ́ ìró bàtà lọ́nà, mo yára nù ún kúrò.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Màmá Pẹ́ẹ̀lì. Ará Jàmáíkà ni, ó ti lò ju ọgbọ̀n ọdún lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì dàgbà tó ẹni tó lè bí mi, nítorí náà mi ò lè pe orúkọ rẹ̀ lásán bí àwọn yòókù ṣe ń pè é. Òun ló fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń fún mọ́ọ̀pù kí omi má baà dúró sílẹ̀, àti bí wọ́n ṣe ń tẹ orúnkún kí wọ́n tó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó máa ń se iṣu wá síbi iṣẹ́. Iṣu náà pọ́n, kò jọ iṣu Ìpele rárá, ṣùgbọ́n a ó jókòó ti ara wa, a ó fi iyọ̀ àti bọ́tà jẹ ẹ́. Mo sọ fún un pé nílé wa, a máa ń gún iṣu títí kò ní sí kókó kan nínú rẹ̀.

Ó ní, "Ìgbà wo lo máa lọ gún un?"

Mo ní, "Ó ku ọdún kan."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ọdún márùn-ún lèmi sọ fún ìyá mi."

Ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù ni ọjọ́ tẹlifóònù. Lẹ́tà la fi ṣètò rẹ̀. Bàbá á kúrò ní Ìpele láàárọ̀ kùtùkùtù, á wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀wọ̀, á jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní ọ́fíìsì tẹlifóònù ìjọba títí wọ́n á fi pe orúkọ rẹ̀. Èmi náà á dúró sínú àpótí onígíláàsì lẹ́bàá títì, màá máa tẹ nọ́ńbà, á máa já, màá tún tẹ̀ ẹ́. Ìgbà mìíràn, a ò ní rí ara wa bá sọ̀rọ̀ rárá, Bàbá á sì padà sílé pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò tọ́. Tí ìpè bá wọlé, èdè ilé wa la ó sọ, èdè Ọ̀wọ̀ tí àwọn ará Ìbàdàn tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Lọ́ńdọ̀nù fi ń ṣe mí yẹ̀yẹ́ pé àwọn ò gbọ́. Yorùbá tí gbogbo wa jọ gbọ́ ni mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ síbí, ṣùgbọ́n ohùn yẹn gan-an, ibi tó ti ń ròkè àti ibi tó ti ń fà, mi ò lè kọ ọ́. Ohùn náà ni mo máa ń gbé lọ síbi iṣẹ́ ní Mọ́ńdè. Tó bá fi máa di Fúráìdè, ó ti ń rọ létí mi.

Ó dára kí n sọ ti ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́. Ilẹ̀kùn kan wà láàárín ilé ìdáná àti ilé tí àwọn ọmọ ti ń jẹun. Láàárọ̀, àsìkò tí wọ́n pàṣẹ pé kí a nu ilẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ọkùnrin tó ń gbé mílíìkì wá máa ń dé, ni àwọn alásè náà máa ń gba ibẹ̀ kọjá. Iná tó wà lókè rẹ̀ ti kú láti ọjọ́ pípẹ́. Ènìyàn ń ṣubú níbẹ̀. Alásè kan ṣubú tòun ti ìkòkò gbígbóná, ó jó lápá. Màmá Pẹ́ẹ̀lì fẹsẹ̀ yọ lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ẹni tó sọ fún ọ̀gá. Tíṣà ni mí, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń mákìí rẹ́jísítà; mo ra ìwé kékeré kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́: ẹni tó ṣubú, ibi tó ti ṣubú, aago mélòó, kí ló gbé lọ́wọ́. Mo kọ ti olùrànlọ́wọ́ tíṣà tó gun àga láti fi àwòrán àwọn ọmọ kọ́, tí àga sì yí i dànù. Mo kọ ti ẹ̀yìn ara mi tó dùn mí náà, lọ́jọ́ tí mo dá bẹ́ǹṣì gígùn gbé. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ìwé náà ṣe. Ó kàn ń jẹ́ kí n rántí pé mo lè kọ nǹkan.

Nígbà tó yá, lẹ́tà wá láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ tó ń darí gbogbo ilé-ìwé àdúgbò náà. Wọ́n ní owó gbà-má-bínú tí àwọn òṣìṣẹ́ tó farapa ń béèrè ti pọ̀ jù, pé kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan gbé ètò kalẹ̀ tí yóò dín ìjàǹbá kù. Ọ̀gbẹ́ni Hárísì kó wa jọ, ó ka lẹ́tà náà sí wa létí, ó kà á yára. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ ti gbọ́. Mi ò fẹ́ rí ìwé ìjàǹbá kankan lórí tábìlì mi ní sáà yìí." Ètò tirẹ̀ rọrùn. Tí ẹnikẹ́ni ò bá kọ ìwé, a jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò ṣubú.

Kò pẹ́ sígbà náà tí Màmá Pẹ́ẹ̀lì ṣubú ní ẹ̀ẹ̀kẹta. Mo wà lẹ́yìn rẹ̀, mo gbé mọ́ọ̀pù dání. Bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà mo gbọ́ ìró kan tí mi ò fẹ́ rántí. Mo jókòó sínú omi, mo gbé orí rẹ̀ lé itan mi.

Ó ní, "Má gbé mi. Pè wọ́n."

Mo bọ́ bàtà rẹ̀ nítorí ó ní ẹsẹ̀ ń gbóná. Bàtà iṣẹ́ ni, dúdú, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní eyín. Àwọn tó wá fi áńbúláǹsì gbé e lọ sọ pé ìbàdí rẹ̀ ló kán.

Ní Fúráìdè, Ọ̀gbẹ́ni Hárísì pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ìwé kan wà lórí tábìlì tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀. Ó wà níbẹ̀ pé sálúbàtà ilé ni Pẹ́ẹ̀lì wọ̀ wá síbi iṣẹ́, pé wọ́n ti kìlọ̀ fún un, kò gbọ́. Àyè wà nísàlẹ̀ fún ẹlẹ́rìí.

Mo ní, "Ọ̀gá, bàtà iṣẹ́ ló wọ̀. Èmi ni mo bọ́ ọ."

Ó ní, "Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀ ju ìwọ lọ. Ohun tí o bá sọ ni wọ́n á gbà." Ó ń yí pẹ́ẹ̀nì lọ́wọ́. "Ìwé àṣẹ tí o fi ń ṣiṣẹ́ níbí, ìgbà wo ló máa parí?"

Ó mọ ìgbà tó máa parí. Mo sọ fún un síbẹ̀.

Ó ní, "Mú ìwé yìí lọ sílé. Mọ́ńdè ni mo fẹ́ ẹ."

Ọjọ́ kejì jẹ́ Sátidé tẹlifóònù. Mo tẹ nọ́ńbà títí ìka fi ń dùn mí. Nígbà tí ohùn Bàbá wọlé, mi ò béèrè nípa òjò tàbí oko. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo ń yára nítorí àsìkò. 

Ó ní, "Ṣé wọ́n ń ṣubú nílé-ìwé àwọn òyìnbó náà?"

"Wọ́n ń ṣubú, Bàbá."

"Ìwọ mọ̀ pé orí ilé-ìwé ni mo ti já bọ́."

Mo mọ̀. Kápẹ́ńtà ni Bàbá mi, òun ló ń tún tábìlì àti òrùlé ilé-ìwé púpọ̀ ṣe nígbà tí a wà ní kékeré. Mo wà ní kíláàsì kẹta nígbà tí wọ́n gbé e wálé lórí pákó ilẹ̀kùn kan. Òjò ni wọ́n sọ fún wa, pé páànù yọ̀. Láti ìgbà náà ni ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò ti tọ́ mọ́, kò sì sẹ́ni tó fún un ní ohunkóhun.

Ó ní, "Kì í ṣe òjò. Àkàbà wọn ti jẹrà nísàlẹ̀. Mo sọ fún ọ̀gá ilé-ìwé. Ó ní kí n fi ṣe é bẹ́ẹ̀, pé alábẹ̀wò ń bọ̀ lọ́la. Nígbà tí mo béèrè ìrànlọ́wọ́, wọ́n mú ìwé jáde pé ẹnikẹ́ni ò rán mi, pé mo mu ẹmu ni mo fi gun orí ilé. Wọ́n ní ẹlẹ́rìí wà."

"Ta ni ẹlẹ́rìí náà?"

"Bàbá Tóyìn."

Bàbá Tóyìn ni lébìrà ilé-ìwé náà, ògiri kan ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti tiwa. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń pa ekùrọ́. Bàbá mi àti òun ti jọ ń jẹun láti ìgbà èwe wọn.

Bàbá ní, "Ọmọ mẹ́fà ló ní. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń dáàbò bò. Mi ò bú u rí, mi ò sì bá a jà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà a ò jẹun pọ̀ mọ́. Èmi á ní kó wá bá mi bu òkèlè. Òun ni kò lè bù ú."

"Bàbá, kí ni kí n ṣe?"

"Mi ò sí níbẹ̀, ìyá mi. Ìwọ lo rí i. Tí wọ́n bá lé ọ, ilé ò lọ síbì kan. Yàrá rẹ ṣì wà, mo ń ṣí fèrèsé rẹ̀ lójoojúmọ́ kí afẹ́fẹ́..."

Tẹlifóònù já níbẹ̀.

Mi ò fọwọ́ sí ìwé náà. Ní Mọ́ńdè, mo gbé ìwé tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ lé tábìlì Ọ̀gbẹ́ni Hárísì: aago tó jẹ́, iná tó kú, àṣẹ tí wọ́n pa pé ká nu ilẹ̀ nígbà náà, bàtà tó wọ̀. Mo da gbogbo ohun tó wà nínú ìwé kékeré mi kọ sẹ́yìn rẹ̀, mo sì ti fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́.  Ọ̀gá kà á tán, kò pariwo. Ó ní, "O ti ba ara rẹ jẹ́." Lọ́sẹ̀ náà, ó gbé mi lọ síbi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó wà níta gbangba, èmi nìkan, ó sì mú àfikún wákàtí kúrò lọ́wọ́ mi. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ò bá mi jà, ṣùgbọ́n tí mo bá wọ ibi tí a ti ń sinmi, ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu wọn. Mi ò tíì mọ̀ rí pé ènìyàn lè wà láàárín èrò tó bẹ́ẹ̀ kó má gbọ́ orúkọ rẹ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Mo máa ń pe orúkọ mi sókè nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yẹn, bí Bàbá ṣe máa ń pè é láti ẹ̀yìnkùlé, kí n lè gbọ́ ọ.

Mo lọ wo Màmá Pẹ́ẹ̀lì ní ọsibítù. Ó ti rù.

Ó ní, "Wọ́n ní o kọ̀wé."

"Ohun tí mo rí ni mo kọ."

Ó di ọwọ́ mi mú. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi nípa àgbàlá ìyá rẹ̀, ibi tí kànga wà, igi ọsàn tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní wọ́n ti gé igi náà, pé ẹnì kan kọ̀wé sọ fún òun, ṣùgbọ́n tí òun bá di ojú, ó ṣì wà níbẹ̀. Nínú bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ padà, mo ṣírò ọdún. Ọdún méjì tèmi ti di mẹ́rin.

Ìgbà tí òtútù fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ni obìnrin kan láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ wá, Ìyáàfin Kọ́ọ̀pà. Kò lọ sí ọ́fíìsì ẹnikẹ́ni. Ó wá ní òwúrọ̀, ó dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ fún wákàtí kan ó lé, ó ń wò. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n pe ẹni tó kọ ìwé.

Ó ní, "Iṣẹ́ wo lò ń ṣe kó o tó wá sí orílẹ̀-èdè yìí?"

Láti ọjọ́ tí mo ti dé, ẹnikẹ́ni ò bi mí ní ìbéèrè yẹn rí. Mo ní, "Tíṣà ni mí." Mo gbọ́ ohùn ara mi bó ṣe jáde, ohùn tí mo fi ń pe rẹ́jísítà.

Ó kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ sí ilé oúnjẹ, àgbà ènìyàn lórí àga àwọn ọmọ kéékèèké, orúnkún wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ó ní kí olúkúlùkù sọ ibi tó ti farapa rí.   Alásè tó jó lápá ló kọ́kọ́ ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wọn ló fẹ́ sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ la ti ṣe ètò náà: pé ká máa nu ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn tí mílíìkì bá ti wọlé tán, pé kí wọ́n tún iná ṣe lọ́jọ́ náà gan-an, pé kí ẹnikẹ́ni má gun àga mọ́, kí wọ́n ra àkàbà kékeré, pé ènìyàn méjì ni yóò máa gbé ohun tó wúwo. Èyí tí èmi sọ ló gbẹ̀yìn. Mo ní kí ẹni tó bá ṣubú sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, kí wọ́n má fi jẹ ẹ́ níyà.

Ọ̀gbẹ́ni Hárísì ní, "Tí gbogbo wọn bá ń sọ, owó gbà-má-bínú á pọ̀ sí i ni."

Ìyáàfin Kọ́ọ̀pà ní, "Á pọ̀ níbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà a ó mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣubú, a ó tún un ṣe, wọn ò sì ní ṣubú mọ́."

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Sáà àkọ́kọ́, ìwé kún tábìlì. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, kò sí ẹni tó ṣubú ní ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́. Màmá Pẹ́ẹ̀lì gba owó tó tọ́ sí i, ṣùgbọ́n ọ̀pá ló fi ń rìn, kò sì padà síbi iṣẹ́. Ní ti Ọ̀gbẹ́ni Hárísì, ó pẹ́ kó tó bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan tí àwa méjì ń ti ilẹ̀kùn, ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí mi, ó ní kí n fọwọ́ kan ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Egungun kan yọ níbẹ̀ tí kò yẹ kó yọ. Ó ní, "Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà tí mo ṣubú. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, mo rò pé wọ́n máa lé mi." Ó ti ilẹ̀kùn pa, ó lọ. Nígbà tó yá, ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ gbà mí síṣẹ́ pé kí n máa yípo àwọn ilé-ìwé, kí n máa bá àwọn òṣìṣẹ́ ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀. Mo ní tábìlì tèmi. Mo kọ́kọ́ fi aṣọ nù ún kí n tó jókòó, àwọn tó wà níbẹ̀ sì ń wò mí.

Ọdún kẹjọ ni mo tó lè wálé. Bàbá ti kéré sí i, tàbí èmi ni mo ti gbé e tóbi jù lọ́kàn. Àga tó dára jù ni wọ́n fi fún mi. Nígbà tí mo mú odó láti gún iyán, ìyàwó ọmọ àbúrò Bàbá gba ọmọ odó lọ́wọ́ mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní, "Ẹ jókòó, Àǹtí, ó ti rẹ̀ yín." Ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ń bi mí pé níbo ni mo ti wá. Ní Ìpele, wọ́n ń bi mí pé ìgbà wo ni mo máa padà. Ìbéèrè kan náà ni lójú mi.

Dúpẹ́ ti di ọ̀gá ilé-ìwé ní Ìdógùn. Ó mú mi lọ síbẹ̀, Bàbá sì ní òun á tẹ̀ lé wa. A rìn yí ilé-ìwé náà ká. Kànga ò ní ìdérí. Páànù ti ṣí ní igun kan. Àwọn tíṣà ń to tábìlì léra wọn láti fi gun òkè. Lébìrà wọn, bàbá kan tó ń jẹ́ Ìdòwú, ẹsẹ̀ lásán ló fi ń gé koríko. A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú àwọn tíṣà, mo ṣe àlàyé bí a ṣe ń ṣe ètò. Wọ́n fetí sílẹ̀ dáadáa.

Tíṣà kan ní, "Àǹtí, èyí dára. Ta ni yóò sanwó rẹ̀?"

 Ní Lọ́ńdọ̀nù, mo mọ ọ́fíìsì tí màá kọ̀wé sí; níbí, mi ò mọ ọ̀kankan.

Bàbá Ìdòwú ní, "Tí mo bá ní mo ṣubú, ṣé wọn ò ní sọ pé mo ti darúgbó, kí wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò mi?"

Dúpẹ́ ló dá a lóhùn. "Bàbá, níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà níbí, rárá. Ìwé tí màá kọ, ohun tẹ́ ẹ bá sọ ló máa wà níbẹ̀."

A bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí apá wa ká. Àwọn òbí kan dáwó ra bàtà òjò fún Bàbá Ìdòwú. Bàbá mi ní kí wọ́n wá pákó fún òun. Ó lo ọjọ́ mẹ́ta, ó kan ìdérí kànga, ó sì kan àkàbà tuntun fún ilé-ìwé náà. Nígbà tó parí, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ gùn ún. Òun fúnra rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ tó dára sí ìsàlẹ̀, ó fa èyí tí kò tọ́ tẹ̀ lé e. Mo di ẹsẹ̀ àkàbà mú. Ó gun ìdábùú mẹ́rin, ó dúró, ó wo òrùlé náà. Ojú mi wà ní ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀, ibi tó ti sán.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tán, mo padà.

Mo lè sọ pé iṣẹ́ ló mú mi padà, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n mo ti jókòó sí àárín ilé baba mi, mo ti wo aago láti mọ aago mélòó ló lù ní Lọ́ńdọ̀nù. Mi ò mọ ìgbà tí ìyẹn wọ̀ mí lára. Ẹni tó bá pẹ́ lájò, àárò ilé ń ṣe é. Ẹni tó bá tún wálé, àárò mìíràn á bẹ̀rẹ̀ tí kò ní orúkọ. Màmá Pẹ́ẹ̀lì nìkan ni mo lè bá sọ ọ́. Mo lọ kí i, mo gbé iṣu Ìpele kan fún un. Ó gbóòórùn rẹ̀ kó tó gbà á.

Lẹ́yìn ọdún kan ó lé díẹ̀, lẹ́tà Dúpẹ́ dé. Ó ní Bàbá Ìdòwú fẹsẹ̀ yọ lẹ́bàá kànga nígbà òjò, ó fọwọ́ rọ́. Ó ní bàbá náà kò lọ sílé. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó rìn tààrà wá sí ọ́fíìsì òun, ó ní, "Ọ̀gá, mo ṣubú. Mo wá sọ ọ́." Òun sì kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, wọ́n fi ìwé náà lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin kí wọ́n tó gbà láti tọ́jú rẹ̀. Ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ti da òkúta wẹ́wẹ́ yí kànga náà ká. Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà tí mo ń kà á, mo sì kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀ kalẹ̀.

Ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà, ó kọ ọ́ pé etí Bàbá ti di lójijì, pé kí n má jẹ́ kó yà mí lẹ́nu.

Mo pe Ọ̀wọ̀ ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù tó tẹ̀ lé e. Dúpẹ́ ló kọ́kọ́ gbà á, ó ní òun ti mú Bàbá wá, pé kò ní gbọ́ ohun tí mo bá sọ ṣùgbọ́n ó yarí pé òun á wá. Ó fi tẹlifóònù sí i lọ́wọ́.

Mo ní, "Bàbá, ẹ káàárọ̀."

Ó ní, "Ìyá mi, wọ́n ní o wà níbẹ̀. Mi ò gbọ́ ọ o. Màá kàn máa sọ tèmi."

Ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó ní ọyẹ́ ti dé, ó le lọ́dún yìí. Ó ní iṣu ta dáadáa, pé èyí tó wà lójú ọ̀nà oko ló tóbi jù. Ó ní Bàbá Tóyìn ti kú, wọ́n ti sin ín, òun sì lọ síbẹ̀, òun jẹun níbẹ̀. Ó ní ewúrẹ́ bí ìbejì.  Mo jẹ́ kí owó máa jó, mo fi etí mi mọ́ tẹlifóònù, ó ń sọ̀rọ̀ ní èdè Ọ̀wọ̀, ohùn rẹ̀ ń ròkè, ó ń fà, bí ẹni tó mọ̀ dájú pé mo wà nínú yàrá kejì.